Ilẹ̀kùn Tó Dúró De Ìyá

Ṣé ilẹ̀kùn tó dúró de ìyá kan ṣe rere ni, àbí ibi ló ṣe? Ìbéèrè yìí ni Morádéyọ̀ bi ìyá rẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́n, tó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ni ọmọ tí ilẹ̀kùn dúró dè. Rẹ̀mílẹ́kún ní kí ọmọ lọ bu omi wá. Ọmọ bu omi dé, ó tún un bèèrè. Títí di òní olónìí, tí irun ti funfun lórí rẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún kò tíì rí èsì ìbéèrè náà.

Nígbà tí òkun gbé etíkun wa mì tán, tí ibi tí àwọn baba ńlá wa ti ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ di ibi tí ẹja ń yé sí, àwọn ọmọ Yorùbá kan sọ pé àwọn kò ní sá mọ́. Wọ́n ní bí omi bá lé èèyàn títí tí ilẹ̀ fi tán, inú omi náà ló kù kéèyàn wọ̀. Wọ́n kọ́ ìlú sábẹ́ òkun, wọ́n pè é ní Ìtẹ́-Òkun. Bí àwọn ìyá àgbà ṣe ń to ìkòkò léra wọn ní kọ̀rọ̀ yàrá ni wọ́n ṣe to ìlú náà, ìkòkò irin mẹ́rin, ọ̀kan lórí èkejì. Ìkòkò Òkè ni oòrùn ń yọ́ dé gba inú omi; ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti dára jù. Ìkòkò Ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rọ afami wà, tó ń fa omi tó bá jò wọlé, tó ń tì í padà sínú òkun. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín ló gba àárín wọn kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Iyọ̀ a máa dì mọ́ ẹ̀rọ afami lára bí èépá ṣe ń dì mọ́ igi. Bí wọn kò bá ha á lójoojúmọ́, ẹ̀rọ á fún pa, ìlú á sì rì. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe mú àáró àwọn baba wa bọ̀ sípò. Gbogbo àgbàlagbà, ọkùnrin àti obìnrin, ló ní ọjọ́ tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ ha iyọ̀. Àwọn arúgbó nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda.

Ohun tó ń ṣọ́ ìlú náà kì í ṣe èèyàn. Ọpọlọ irin ni, Ajíṣọ́ ni wọ́n ń pè é nítorí kì í sùn. Ó ní etí nínú gbogbo ògiri, àwọn etí náà là ń pè ní agbọ́hùn. Òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn, òun ló ń tì í. Bí omi bá wọlé níbì kan, Ajíṣọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Àkọsílẹ̀ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ni wọ́n fi kọ́ ọ: ìgbà báyìí ni omi wọlé, báyìí ni igbe ta, báyìí ni ilẹ̀kùn ṣe tì. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Kò mọ ohun tó wà nínú àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí.

Ọjọ́ ìgbéyàwó Ṣijúadé ni àìmọ̀ yìí jáde. Ṣijúadé ni ọmọ-ọmọ Olóyè Ògúnmọ́dẹdé, àgbà kan tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀. Wọ́n kó ara wọn jọ sí yàrá kan ní Ìkòkò Kẹta, ìyàwó jókòó láàárín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹkún ìyàwó bí àwọn ìyá rẹ̀ ti sun ún. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbè é. Ìyá rẹ̀ àgbà, aya Olóyè, náà bá wọn dá sí i, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ajíṣọ́ gbọ́ ẹkún ọ̀pọ̀ obìnrin nínú yàrá kan ṣoṣo. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ìtumọ̀ kan péré ni irú ẹkún bẹ́ẹ̀ ní, òun náà ni pé omi ti dé. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó dí ihò afẹ́fẹ́, kí omi má baà gba ibẹ̀ kọjá.

Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn obìnrin náà rò pé eré ni. Nígbà tó yá, ooru mú. Nígbà tó tún yá, èémí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro, ẹkún eré wá di ẹkún gidi. Bí wọ́n ṣe ń sunkún tó ni Ajíṣọ́ ń fún ilẹ̀kùn pọ̀ tó. Kí àwọn oníṣẹ́ irin tó gé e, aya Ògúnmọ́dẹdé ti kú sí itan ìyàwó.

Wọ́n pe ìpàdé ìlú. Ọ̀mọ̀wé Oyèníkẹ̀ẹ́, obìnrin tó ń bójú tó Ajíṣọ́, kúnlẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀rọ náà kò ṣi ohun tí a kọ́ ọ ṣe. Àwa la kò kọ́ ọ tó. A kọ́ ọ ní ohun tí ojú rí, a kò kọ́ ọ ní ohun tí inú mọ̀. Àkọsílẹ̀ á sọ pé obìnrin kan sunkún. Kò ní sọ pé ẹnu ló ń sunkún, pé inú rẹ̀ ń dùn, àyà rẹ̀ sì ń já, lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtàn àròsọ nìkan ló ń wọ inú èèyàn dé ibẹ̀ yẹn."

"Ṣebí ìtàn àtijọ́ wà," ni ẹnì kan wí.

"Omi gbé ọ̀pọ̀ lọ, bàbá. Nínú èyí tó kù, kò sí ẹni tó gbé abẹ́ òkun rí."

"Kí lẹ wá fẹ́ báyìí?"

"Kí ìjọba yan àwọn tó mọ ìtàn rò. Kó bọ́ wọn, kó fún wọn ní yàrá ní Ìkòkò Òkè, kó yọ wọ́n kúrò nínú àáró. Kí wọ́n jókòó kọ ìtàn àwa fúnra wa, ká fi kọ́ Ajíṣọ́."

Ariwo sọ. Ọkùnrin kan tó ń sin ẹja nawọ́ láti ẹ̀yìn: "Ọ̀mọ̀wé, ẹ kọ orúkọ tèmi síwájú! Irọ́ tí mo ti ń pa fún ìyàwó mi lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, ìjọba lè wá máa fún mi ní nǹkan lé e."

Ìyàwó rẹ̀ dáhùn kó tó jókòó: "Bó bá ṣe irú irọ́ tìẹ ni, ẹ̀rọ á gọ̀ ju bó ṣe wà lọ!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ògúnmọ́dẹdé kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde nínú aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀rọ pa aya mi," ló wí. "Ẹ wá ní kí n bọ́ òpùrọ́, kí òpùrọ́ lè kọ́ apààyàn ní ìwà. Ó dáa. Ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́, à ń jẹ ẹ́. Ẹni tó ń ha iyọ̀, kò jẹ́ ká rì. Ẹni tó kọ ìtàn, kí la ó jẹ níbẹ̀? Bó bá wu èèyàn kó ro ìtàn, kó rò ó nígbà tó bá tibi iṣẹ́ dé. Ìyá mi kò gba oúnjẹ ìjọba kó tó pàlọ́ fún mi."

Oyèníkẹ̀ẹ́ gbé ojú sókè. "Bàbá, ìyá yín ráyè jókòó ni. Ẹni tó ti ha iyọ̀ títí tí apá rẹ̀ fi kú, àlọ́ wo ló kù lẹ́nu rẹ̀?" Ó yíjú sẹ́yìn. "Ìyá Morádéyọ̀, máa bọ̀ níwájú."

Báyìí ni Rẹ̀mílẹ́kún ṣe rìn gba àárín èrò kọjá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ahayọ̀, ẹni tó ń ha iyọ̀, ni òun náà. Kò jókòó nílé ìwé nígbà èwe. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ló ti mọ̀ọ́kọ, nígbà tó ti lọ́kọ, tí oyún Morádéyọ̀ ti yọ. Bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n kọ ìlà kan nípa ilé wọn, òun a kọ ojú ewé mélòó kan nípa ilé tí kò sí. Oyèníkẹ̀ẹ́ ti rí àwọn ìtàn náà lọ́wọ́ olùkọ́. Ọkọ Rẹ̀mílẹ́kún wà lójú omi pẹ̀lú àwọn tó ń wá irin kiri, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wálé. Òun àti ọmọ nìkan ló ń gbé ní Ìkòkò Kẹta, níbi tó jẹ́ pé yóò ti rẹ afẹ́fẹ́ kó tó débẹ̀. Àyà Morádéyọ̀ sì ń dún hàn-ìn hàn-ìn bí ilẹ̀kùn tí ìpẹtà jẹ. Rẹ̀mílẹ́kún kì í sùn gidi. Ọwọ́ rẹ̀ a máa wà láyà ọmọ, kó lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń lọ sókè, ó ṣì ń bọ̀ nílẹ̀. Oníṣègùn ti sọ fún un pé kò sí oògùn tó ju afẹ́fẹ́ òkè lọ. Àwọn tó ń gbé òkè kò sì fẹ́ fi àyè wọn sílẹ̀.

Ògúnmọ́dẹdé wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ojú kò tì ọ́ láti máa jẹun lórí irọ́?"

"Ojú ń tì mí, bàbá. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò lè mí."

"Àṣé nítorí afẹ́fẹ́ lo ṣe fẹ́ máa ro ìtàn?"

"Ìtàn ti wà nínú mi tẹ́lẹ̀, bàbá. Afẹ́fẹ́ ni kò sí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àgbà náà jókòó. Ìgbìmọ̀ dìbò, àwọn tó ní kí wọ́n bọ́ òǹkọ̀tàn fi díẹ̀ borí. Wọ́n kéde pé ìjọba ni yóò ru àáró wọn, ilé sì tú ká.

Rẹ̀mílẹ́kún kó lọ sí Ìkòkò Òkè. Kò pẹ́ tí ohùn àyà Morádéyọ̀ fi rọlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ náà sùn láìdún, ìyá rẹ̀ ta jí pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ó gbé etí lé e láyà, ó wá rí i pé àlàáfíà ló ń gbọ́, ó ti gbàgbé bó ṣe rí. Ó fi aṣọ bo ẹnu, ó sunkún, kí ẹkún rẹ̀ má baà jí i.

Wọ́n fún un ní ìwé-dígí, pátákó tó ń tàn, tó ń gba ọ̀rọ̀ bí ọwọ́ bá ṣe ń kọ ọ́. Ìtàn àkọ́kọ́ tó kọ jẹ́ ti ìyàwó kan tó ń sunkún ìdágbére fún ìyá rẹ̀ tọkàntọkàn, tó sì ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà tuntun rẹ̀ lábẹ́ àga. Wọ́n ka ìtàn náà fún Ajíṣọ́, wọ́n sì kó àwọn obìnrin wá síwájú agbọ́hùn láti sunkún ìyàwó. Ilẹ̀kùn kò mì. Ajíṣọ́ kàn bèèrè pé, "Ṣé ìyàwó ni?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tan iná yàrá náà sí i. Ọjọ́ yẹn, àwọn tó ti ń fi òǹkọ̀tàn ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́ dákẹ́ díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Oyèníkẹ̀ẹ́ wá bá a nínú yàrá.

"Ìyá Morádéyọ̀, ó ku ìtàn kan tí gbogbo yín ń sá fún. Kọ ìtàn ọjọ́ tí omi wọlé fún mi."

Rẹ̀mílẹ́kún fi ọwọ́ yí orí ká, ó ta ibi dànù. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọ̀mọ̀wé, ẹ má bínú. A kì í fi ẹnu ara ẹni pe ibi wọ ilé."

"Kì í ṣe ẹnu, ọwọ́ lo ó fi kọ ọ́."

"Ọmọ ìyá kan náà ni ẹnu àti ọwọ́, mà."

"Ohun tí gbogbo wọn ń sọ náà nìyẹn. Mo ti tọ gbogbo òǹkọ̀tàn lọ, kò sí ẹni tó jẹ́ kọ ọ́. Ìtàn tí mo ní lọ́wọ́ báyìí, kò sí ẹni tó kú nínú wọn, kò sí omi tó jò. Bí omi bá wá dé lóòótọ́, Ajíṣọ́ á rò pé ìyàwó ni. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà mú Rẹ̀mílẹ́kún bí egungun ẹja ṣe ń há èèyàn lọ́fun. Nígbà tó yá, ó tẹ́ ọmọ sùn, ó kọ́kọ́ gbàdúrà, ó wá kọ ọ́. Omi wọlé nínú ìtàn náà. Ẹ̀rọ pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn jáde. Ìyá kan jáde, ó ka àwọn ọmọ rẹ̀, ó rí i pé ọ̀kan kù, ó padà. Ilẹ̀kùn ń tì bọ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ Rẹ̀mílẹ́kún dúró. Ó gbìyànjú láti jẹ́ kí ilẹ̀kùn tì. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Ó tún un kọ, ó tún un pa rẹ́. Níkẹyìn, ó jẹ́ kí ilẹ̀kùn dúró. Ìyá náà gbé ọmọ rẹ̀ jáde. Ó ka ìtàn náà tán, ẹ̀rù tó ti ń bà á láti ìgbà tó ti bímọ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú díẹ̀.

Oyèníkẹ̀ẹ́ kà á, ó nu ojú, ó sì mi orí. Ó gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀, nítorí ọ̀ràn ilẹ̀kùn ju òun nìkan lọ.

Alága ìgbìmọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. "Òfin ìlú yìí ni pé ilẹ̀kùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìwọ wá ń kọ́ ẹ̀rọ pé kó dúró. Tún ìparí rẹ̀ kọ. Kí ilẹ̀kùn tì, kí ìyá wà lóde."

"Mo ti gbìyànjú, sà. Bí mo bá ti débẹ̀, ojú ọmọ mi ni mò ń rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Ìjọba ló ń bọ́ ọ."

"Mo mọ̀, sà."

"Bí o kò bá lè kọ ohun tí ìjọba fẹ́, o lè padà sí Ìkòkò Kẹta."

Morádéyọ̀ sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, èémí rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́. Rẹ̀mílẹ́kún mọ ohùn tí àyà yẹn yóò máa dún bí wọ́n bá padà. Ó la ẹnu láti sọ pé òun á tún un kọ. Kó tó sọ ọ́, Ògúnmọ́dẹdé húkọ́.

"Ẹ ṣì rántí pé èmi ni mo ní kí ẹ má bọ́ ọ," ló wí láìdìde. "Mi ò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ṣùgbọ́n ẹ ti bọ́ ọ báyìí. Ẹni tó bá bọ́ adìyẹ nítorí ẹyin, ṣé á tún sọ àwọ̀ tí ẹyin gbọ́dọ̀ ní fún un? Ẹ ní kó sọ ohun tó wà nínú ìyá fún ẹ̀rọ. Ó sọ ọ́. Kò dùn mọ́ yín, ẹ wá ní kó purọ́. Ṣebí irọ́ náà ni mo tìtorí rẹ̀ bá yín jà?"

"Bàbá, bí ilẹ̀kùn bá wá dúró lóòótọ́ ńkọ́?"

Oyèníkẹ̀ẹ́ ló dáhùn: "Ìtàn kan péré ni láàárín ọ̀pọ̀ ìtàn, Alága. Òfin ilẹ̀kùn wúwo jù ú lọ fíìfíì."

Gbogbo wọn gbà á gbọ́, nítorí ó rọrùn láti gbà gbọ́. Wọ́n ka ìtàn náà fún Ajíṣọ́ bó ṣe wà.

Ọ̀sán gangan ni omi dé. Rẹ̀mílẹ́kún wà ní ilé oúnjẹ ní Ìkòkò Òkè, ó ti fi Morádéyọ̀ sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ọmọ ní Ìkòkò Kejì. Ó gbọ́ tí nǹkan ró kìì bí ẹni ń fọ́ agbada. Àwo tó wà níwájú rẹ̀ rìn fúnra rẹ̀ lórí tábìlì. Ajíṣọ́ pariwo láti inú ògiri: "Omi ti wọ Ìkòkò Kejì. Ẹ máa gòkè. Ẹ máa gòkè."

Èrò ya jáde láti ojú ọ̀nà tó lọ́ náà. Ó rí olùtọ́jú ọmọ, ó gbé ọmọ méjì, òmíràn dì mọ́ ọn láṣọ.

"Morádéyọ̀ dà?"

"Hẹ̀n? Ẹ̀yin kọ́ lẹ wá mú un ni? Ẹnì kan ní ìyá rẹ̀ ti dé!"

Kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sọ̀ kalẹ̀, èrò ń gòkè. Wọ́n tì í, ó tì wọ́n padà. Ẹnì kan fa ìró rẹ̀, ó fi ìró sílẹ̀ fún un. Nígbà tó dé iwájú ilẹ̀kùn Ìkòkò Kejì, omi ti ń jáde lábẹ́ rẹ̀, irin ńlá náà sì ń tì bọ̀. Ó rọra há ara rẹ̀ sí àárín. Ó mọ̀ pé kò ní dúró. Òun ló kọ ìtàn, ó mọ ohun tó jẹ́ ìtàn, ó mọ ohun tó jẹ́ irin.

Ilẹ̀kùn dúró.

Ohùn Ajíṣọ́ jáde láti inú ògiri. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá a, àṣẹ àti ìbéèrè nìkan ló mọ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni ní orúkọ rí, kò sọ pé "mo" rí. Ó ní, "Ìyá, yára. Mo dúró dè ọ́."

Omi ti dé orúnkún, ó ti dé ìdí. Ibùsùn Morádéyọ̀ ti léfòó, ó ń yí po nínú kọ̀rọ̀ yàrá pẹ̀lú rẹ̀ nínú. Ọmọ náà kò sunkún. Ó di ọ̀pá ibùsùn mú, ó ń wo omi. Ìyá rẹ̀ gbá a mú, ó gbé e lé èjìká, ó wọ́ ẹsẹ̀ padà. Kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Gbogbo ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn fi là gbayawu, tí omi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó bọ́ síta, irin tì gbàgà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gun òkè dé ibi gbígbẹ, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé àyà ọmọ. Ó ń lọ sókè. Ó ń bọ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi kì í gòkè. Èyí tó gba ilẹ̀kùn yẹn kọjá nígbà tó ń dúró, ọ̀nà ìkarahun ìgbín ló gbà lọ sísàlẹ̀, ó sì ń lágbára bó ṣe ń lọ. Ìkòkò Kẹta ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ ní kánmọ́. Ìkòkò Ìsàlẹ̀ kò lè tì tirẹ̀, nítorí àwọn ahayọ̀ ọjọ́ náà ti ń sáré bọ̀, wọ́n kún ẹnu ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí ilẹ̀kùn ibẹ̀ máa fi tì, omi àti àwọn èèyàn ló jọ tì mọ́ inú.

Alábòójútó ẹ̀rọ afami kú síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Láńrewájú, ọmọ kan ṣoṣo ìyá rẹ̀, kú síbẹ̀. Wọ́n sì rí òkú Olóyè Ògúnmọ́dẹdé níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo ìlú ń bi ara wọn pé kí ni arúgbó, ẹni tí wọ́n ti yọ̀ǹda, wá lọ síbẹ̀. Wọ́n ní bóyá ó lọ yẹ ẹ̀rọ wò ni, kó lè rí ẹjọ́ tuntun tí yóò tún bá Ọ̀mọ̀wé rò. Ọ̀rọ̀ yẹn bá ìwà rẹ̀ mu, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sìnkú tán, ìyá Láńrewájú wá sí yàrá Rẹ̀mílẹ́kún. Ó jókòó kí wọ́n tó ní kó jókòó.

"Mi ò wá jà," ló wí.

Rẹ̀mílẹ́kún ti wà lórí eékún. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Dìde. Mo ní kí wọ́n ka ìtàn rẹ fún mi. Ó dára. Ìyá inú rẹ̀ jọ mí. Èmi náà ì bá padà." Ó wo Morádéyọ̀ tó ń fi ṣíbí lu ilẹ̀. "Ìtàn rẹ mọ ìyá tó ń sáré lókè. Kò mọ̀ pé ọmọ mi wà nísàlẹ̀. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn." Ó dìde, ó fọwọ́ kan orí Morádéyọ̀, ó lọ.

Ìgbìmọ̀ tún pàdé. Àwọn kan ní kí wọ́n lé gbogbo òǹkọ̀tàn padà sídìí iyọ̀, kí wọ́n sì yọ ìtàn náà kúrò nínú Ajíṣọ́. Oyèníkẹ̀ẹ́ ti rù. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Iyọ̀ tó ti yọ́ sínú ọbẹ̀, ta ló lè ṣà á jáde? Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ fi omi sí i. Ẹ wá ẹni tó máa kọ ìtàn àwọn tó wà nísàlẹ̀." Àwọn kan bú u. Àwọn kan sọ pé bí ìtàn bá lágbára tó báyìí, ìjọba kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ebi ń pa. Wọ́n jiyàn títí ohùn fi há. Níkẹyìn, wọ́n ń bọ́ òǹkọ̀tàn lọ, kì í ṣe nítorí pé ẹnu wọn kò, bí kò ṣe pé kò sẹ́ni tó mọ ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe.

Rẹ̀mílẹ́kún kò gba oúnjẹ wọn mọ́. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ dúró lókè, kí òun sì padà sínú àáró. Wọ́n gbà fún un. Ní gbogbo ọjọ́ tó bá kàn án, á sọ̀ kalẹ̀ lọ ha iyọ̀, á sì tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀: àwàdà wọn, orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fún ẹ̀rọ, bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ṣe ń wo òkè nígbàkúùgbà tí nǹkan bá ró. Ó kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú apá tó kú. Ọdún pọ̀ kó tó parí rẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì ló wà nínú ìtàn yẹn, ìyá kan wà lókè, ìyá kan wà nísàlẹ̀, kò sì sọ èyí tó yẹ kó tì, nítorí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n kà á fún Ajíṣọ́. Ajíṣọ́ dákẹ́ pẹ́ ju bó ṣe máa ń dákẹ́ lọ, kò sì sọ nǹkan kan. Omi kò tíì wọlé láti ìgbà náà. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó kọ́.

Morádéyọ̀ dàgbà, àyà rẹ̀ le, ó di ẹni tó ń wẹ̀ lọ wẹ̀ bọ̀ lóde ògiri láti tún irin ṣe. Òun náà bímọ. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ, Ṣijúadé wà lára àwọn tó wá kí wọn. Òun náà ti di ìyá àgbà. Nígbà tí èrò tú ká, ó jókòó ti Rẹ̀mílẹ́kún, wọ́n jọ ń wo ọmọ tuntun.

"Bàbá wa àgbà ì bá fẹ́ràn eléyìí," ni Ṣijúadé wí.

"Bàbá tí kò fẹ́ràn òǹkọ̀tàn?" Rẹ̀mílẹ́kún rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wọ́n ì bá ní kò gbọdọ̀ jẹun títí yóò fi lè ha iyọ̀."

Ṣijúadé kò bá a rẹ́rìn-ín. "Èmi ló máa ń ka ìtàn ìyàwó yẹn fún wọn, Ìyá Morádéyọ̀. Bí mo bá dé ibi bàtà, wọ́n á ní kí n dúró. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá wa àgbà ṣe lọ́jọ́ tí àwọn gbé e."

Rẹ̀mílẹ́kún yíjú sí i.

"Wọ́n mú mi búra," ni Ṣijúadé ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "pé mi ò ní sọ fún yín, kí ọwọ́ yín má baà wúwo lórí ìwé. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà, mi ò fẹ́ gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n yọ yín kúrò nínú àáró, alábòójútó ẹ̀rọ afami wá ẹni tó máa gba ọjọ́ yín títí, kò rí. Gbogbo èèyàn ní àwọn kò lè ha iyọ̀ nítorí ìtàn. Ni Bàbá bá lọ bá a, wọ́n ní kó fi sí àwọn lọ́rùn, kó fi àwọn sí kọ̀rọ̀ tí ojú èèyàn kò tó. Gbogbo ọjọ́ tó bá kàn yín, Bàbá ló ń sọ̀ kalẹ̀."

Ọjọ́ tí omi wọlé, Rẹ̀mílẹ́kún ló kàn.